Kèrègbè Méjì, Ìkòkò Kan: Bí Tànsáníà Ṣe Bẹ̀rẹ̀

Fọ́tò kan wà tí gbogbo ọmọ Tànsáníà mọ̀. Julius Nyerere, ààrẹ Tanganyika, ló wà níbẹ̀, ní Karimjee Hall ní Dar es Salaam, oṣù Kẹrin ọdún 1964, ó ń da yẹ̀pẹ̀ látinú kèrègbè sínú ìkòkò. Yẹ̀pẹ̀ Tanganyika, orílẹ̀-èdè orí ilẹ̀ ńlá, lọ́tọ̀, ti erékùṣù Zanzibar lọ́tọ̀. Tí wọ́n bá ti dà wọ́n pọ̀, ta ló tún fẹ́ ṣà wọ́n sọ́tọ̀? Fọ́tò náà wú mi lórí púpọ̀. Àmọ́ ẹni tí kò bá mọ ohun tó gbé kèrègbè méjèèjì débẹ̀ kò lè mọ ìdí tí àríyànjiyàn lórí ìṣọ̀kan ìlú méjèèjì kò fi tíì tán.

Ọjọ́ 9 oṣù Kejìlá 1961 ni Tanganyika gba òmìnira lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì, láìsí ìjà. Ọ̀ràn Zanzibar, erékùṣù kànáfùrù, le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn Lárúbáwá tí kò pọ̀ ló ni ọ̀pọ̀ ilẹ̀ oko, ìdílé wọn náà ni Sultan, ọba erékùṣù náà, ti ń wá. Nínú ìdìbò oṣù Keje 1963, ẹgbẹ́ òṣèlú Afro-Shirazi ti Abeid Karume, tí ọ̀pọ̀ adúláwọ̀ ń tẹ̀lé, kó ìdá 54 nínú ọgọ́rùn-ún ìbò. Ìjókòó 13 péré nínú 31 ló bọ́ sí wọn lọ́wọ́, nítorí bí wọ́n ṣe pín àgbègbè ìdìbò. Kí èèyàn pọ̀ jù nídìí àpótí ìbò, kó má sì rí ìjọba ṣe! Ní ọjọ́ 10 oṣù Kejìlá, Gẹ̀ẹ́sì gba ilé lọ.

Ọjọ́ 33 ni ìjọba Sultan lò lẹ́yìn tí Gẹ̀ẹ́sì lọ. Lóru mọ́jú ọjọ́ 12 oṣù Kìn-ín-ní 1964, John Okello, ọmọ Uganda, kó àwọn èèyàn tí ọ̀pọ̀ wọn kò ní ìbọn lọ́wọ́ wọ báráákì ọlọ́pàá ní Ziwani, ibẹ̀ ni wọ́n ti rí ìbọn. Sultan Jamshid bọ́ sínú ọkọ̀ ojú omi, ó sá lọ. Lẹ́yìn náà ni wọ́n pa àwọn Lárúbáwá àti àwọn tí baba wọn wá láti Íńdíà nípakúpa. Ẹ̀jẹ̀ wọn wà nínú yẹ̀pẹ̀ kejì yẹn, kò sì yẹ kẹ́nikẹ́ni fojú fò ó.

Ọjọ́ mẹ́jọ lẹ́yìn náà ni àwọn ọmọ ogun Nyerere fúnra rẹ̀ dìtẹ̀ ní Dar es Salaam. Owó oṣù ni wọ́n ń bá jà, àti àwọn ọ̀gá òyìnbó tó ṣì wà lórí wọn. Nyerere sá pa mọ́. Nígbà tó yá, ó ní láti bẹ Gẹ̀ẹ́sì kí wọ́n wá gbà á, ìtìjú ńlá ló sì kà á sí. Nàìjíríà, tí òmìnira tirẹ̀ kò tíì pé ọdún mẹ́rin, ló rán ọmọ ogun lọ ṣọ́ ìlú kí òyìnbó lè padà sílé. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni kò gbọ́ èyí rí.

Nyerere àti Karume, tó di ààrẹ Zanzibar lẹ́yìn tí Sultan sá lọ, ti wá mọ bí ìjọba ṣe ń bọ́ lọ́wọ́ èèyàn lóru ọjọ́ kan. Amẹ́ríkà ń bẹ̀rù pé Zanzibar yóò di Kúbà mìíràn, ìlú tó ń tẹ̀lé ìjọba Kọ́múníìsì, Ṣáínà àti Jámánì Ìlà-Oòrùn sì ti wọlé dé. Ọjọ́ 22 oṣù Kẹrin ni Nyerere àti Karume fọwọ́ síwèé ìṣọ̀kan ní Zanzibar. Babu, mínísítà ọ̀rọ̀ òkèèrè erékùṣù náà, kò sí nílé. Nígbà tó fi di ọjọ́ 26, ìlú méjì ti di ọ̀kan. Oṣù Kẹwàá ni orúkọ Tànsáníà ṣẹ̀ṣẹ̀ dé: Tan láti ara Tanganyika, Zan láti ara Zanzibar.

Inú ìwé yẹn ni ọ̀rọ̀ wà. Nǹkan 11 ni wọ́n kó fún ìjọba àpapọ̀: ọmọ ogun, ọ̀rọ̀ òkèèrè, ọlọ́pàá àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Zanzibar ní ààrẹ àti ìjọba tirẹ̀ síbẹ̀. Tanganyika kò ní, ó wọ inú ìjọba àpapọ̀ pátápátá. Nyerere ní òun kò fẹ́ kó dà bíi pé ńlá gbé kékeré mì. Mo gbà pé òótọ́ inú rẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti ń yọjú. Ní 1984, Aboud Jumbe, tó jẹ ààrẹ Zanzibar lẹ́yìn Karume, fipò sílẹ̀ nítorí ó ń fẹ́ ìjọba mẹ́ta dípò méjì: ti Tanganyika, ti Zanzibar àti ti àpapọ̀. Ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn náà, ìgbìmọ̀ Joseph Warioba dá ohun kan náà lábàá nínú àbá ìwé òfin tuntun. Àpéjọ tó jókòó lé àbá náà lórí yọ ìjọba mẹ́ta kúrò nínú rẹ̀. Oṣù Kẹrin 2015 ló yẹ kí ará ìlú dìbò lórí ìyókù; wọ́n sún ìdìbò náà síwájú láì dá ọjọ́.