4GB HBM ò lè di 8GB láéláé

Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ nílẹ̀, àmọ́ mo ṣì ń rí àwọn tó ń sọ ọ́ bí ẹni pé òótọ́ ni, pé mẹ́mọ́rì HBM, tí wọ́n ń tò léra sẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣíìpù káàdì graphics (ẹ̀yà tó ń gbé àwòrán jáde fún kọ̀ǹpútà), yára débi pé 4GB ẹ̀ tó 8GB GDDR, mẹ́mọ́rì tó wọ́pọ̀ nínú irú káàdì bẹ́ẹ̀, àti pé káàdì graphics tó bá ti ní HBM nínú, kò séyìí tó lè borí ẹ̀ nínú géèmù. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá o, ó sì ń dùn mí torí ẹni tó bá gbà á gbọ́ á kówó ńlá lé ohun tí ò ní ṣiṣẹ́ tó torí ẹ̀ rà á.

HBM fúnra ẹ̀, iṣẹ́ àrà ni. Tẹ́ ẹ bá tú fáànù àti irin tó ń fa ooru kúrò lórí káàdì oní-GDDR, ẹ máa rí ṣíìpù ńlá kan láàárín, àwọn ṣíìpù mẹ́mọ́rì wá tò yí i ká lórí bọ́ọ̀dù. Tó bá wá jẹ́ Radeon R9 Fury X ti iléeṣẹ́ AMD lẹ tú, èyí tó jáde lọ́dún 2015, òun sì ni káàdì àkọ́kọ́ tó lo HBM, ohun tẹ́ ẹ máa rí ni nǹkan onígun mẹ́rin kéékèèké mẹ́rin tó fara ti ṣíìpù ńlá yẹn tímọ́tímọ́, gbogbo wọn jọ jókòó sórí pèlébé sílíkónì kan náà. Inú ọ̀kọ̀ọ̀kan kéékèèké yẹn, ṣíìpù mẹ́mọ́rì mẹ́rin ló wà níbẹ̀, wọ́n tò wọ́n léra, wọ́n wá lu ihò tín-ín-tìn-ìn-tín gba àárín wọn kọjá kí dátà lè máa gbabẹ̀ lọ sókè sódò.

Ibi tí agbára ẹ̀ wà gan-an nìyẹn. Ọ̀nà tí dátà ń gbà nínú Fury X jẹ́ 4,096, ti R9 290X, káàdì AMD míì tó ń lo GDDR5, jẹ́ 512 péré. HBM ò sáré o, ọ̀nà kọ̀ọ̀kan ẹ̀ lọ́ra ju ti GDDR5 lọ dáadáa, pípọ̀ tí ọ̀nà yẹn pọ̀ ló jẹ́ kó lè kó 512GB ní ìṣẹ́jú àáyá kan, tí 290X ń kó 320GB.

Àmọ́ bí ẹnu ìkòkò ṣe fẹ̀ tó kọ́ ni inú ẹ̀ ṣe tó. Ká ní géèmù kan fẹ́ kó 6GB sílẹ̀ lórí káàdì tó ní 4GB, ibo ni 2GB tó kù máa wà? Inú RAM kọ̀ǹpútà ni, ojú PCIe, ọ̀nà tó so káàdì mọ́ kọ̀ǹpútà, ló sì máa gbà wọlé, PCIe 3.0 tí Fury X ń lò ò sì kọjá bíi 16GB ní ìṣẹ́jú àáyá. Ẹ fi 16 yẹn wé 512! Ibẹ̀ ni àwòrán ti máa ń há, tá dúró gbọ̀n-ọ́n kó tó tún máa lọ, HBM ò sì lè ran yín lọ́wọ́ torí ohun tẹ́ ẹ ń wá ò sí nínú ẹ̀. Àwọn kan á ní sọ́fítíwià lè máa ṣọ́ ohun tó ń kó síbẹ̀, òótọ́ ni, àmọ́ GDDR náà lè jẹ irú àǹfààní yẹn.

Ti pé kò séyìí tó lè borí ẹ̀ ńkọ́? Radeon VII ti AMD jáde lọ́dún 2019 pẹ̀lú 16GB HBM2, ó ń kó nǹkan bí 1,000GB ní ìṣẹ́jú àáyá, síbẹ̀ RTX 2080 Ti ti iléeṣẹ́ Nvidia, tó ń lo GDDR6, tó ń kó 616GB, ló ń ṣáájú ẹ̀ nínú ọ̀pọ̀ géèmù. Ṣíìpù ló ń ṣe ìṣirò, tí ò bá ti sí pé ó ń dúró de mẹ́mọ́rì tẹ́lẹ̀, ẹ fẹ ọ̀nà títí, kò ní yára sí i. Lọ́dún yẹn náà, GDDR6 ni AMD lò fún káàdì RX 5700 XT.

AI ni iṣẹ́ tó gba HBM lóòótọ́. Tí AI bá ń kọ̀rọ̀ fún yín, gbogbo nọ́ńbà inú ẹ̀ ló sábà máa ń kà látòkèdélẹ̀ kó tó mú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo jáde, tó bá tún kan ọ̀rọ̀ kejì, á tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, ṣíìpù á wá jókòó máa retí dátà. Ìdí nìyẹn tí Nvidia fi kó 80GB HBM3 sínú H100 tí wọ́n ṣe fún iṣẹ́ AI.