Àpèjẹ́: ẹ yé pè é ní "lébẹ́lìn"

Èrò kan wà nínú ẹ̀kọ́ ìwà ọ̀daràn, tí wọ́n ń pè ní "labelling" lédè Gẹ̀ẹ́sì: pé bí a bá ń pe ènìyàn ní ọ̀daràn, ó lè dà á. Òun ni àwọn kan ń pè ní "lébẹ́lìn". Ara ìgò ni lébẹ́lì máa ń wà, omi gbígbóná á sì ṣí i kúrò. Kí ló wá kàn án nínú ẹ̀kọ́ ìwà ọ̀daràn? "Ìlẹ̀wémọ́ni" tí àwọn kan fi rọ́pò rẹ̀ kò sàn jù ú lọ, nítorí ìwé orí ìgò náà ni wọ́n ṣì ń wò. Àwọn tó ní "ìsọnilórúkọ" sì gbàgbé pé oyin àti obì la fi ń ṣe ìyẹn.

Àpèjẹ́ ni kí a pè é. A pe ènìyàn, ó jẹ́: ó dáhùn nìyẹn. Orúkọ tí a ń pè é ló ń jẹ́: ohun tó dà nìyẹn. Yorùbá ti so méjèèjì mọ́ ọ̀rọ̀ kan, ibẹ̀ gan-an sì ni Frank Tannenbaum, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà, ń tọ́ka sí ní 1938, kí àwọn onímọ̀ àwùjọ, Edwin Lemert, tó tẹ̀ lé e ní 1951 àti Howard Becker ní 1963: ẹ pe ọmọ lólè títí, yóò jẹ́ ẹ. Àwọn kan ní ọ̀rọ̀ náà jọ àpèjẹ tí à ń lọ jẹun níbẹ̀. Kí wọ́n fi àmì ohùn sí i! Èdè tó ní ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ kò ní torí èyí ṣìnà.

Ẹ wo aṣọ nínú ìkòkò aró l'Òṣogbo. Bí aláró bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fà á yọ, bí àwọ̀ ewé ló ń rí. Ìgbà tí atẹ́gùn bá fẹ́ sí i ló ń di aró. Wọn á tún rì í, wọn á tún fà á sáfẹ́fẹ́, títí yóò fi dúdú. Ẹnu àwọn aládùúgbò ni atẹ́gùn yẹn.

Ọmọ ọdún 14 jí fóònù l'Ọjà Ọba. Ó lè jẹ́ ebi, ó lè jẹ́ ẹgbẹ́ ló tì í. Àpèjẹ́ kò dá sí ìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ ń fi ẹ̀sùn kàn án pé ó ní orúkọ ló fa olè àkọ́kọ́. Ohun tó tẹ̀ lé e ló kàn án. Fídíò rẹ̀ dé orí WhatsApp. Ọ̀gá tó ń kọ́ ọ níṣẹ́ lé e, ìyá ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní kó má wọlé òun mọ́. Ó ku ọ̀dọ̀ àwọn jàǹdùkú, tí kò bèèrè nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀. Olè tó jà lẹ́yìn èyí ni Lemert pè ní ìwà àìtọ́ ẹlẹ́ẹ̀kejì: èyí tó ti ara orúkọ tí wọ́n pè é wá.

Ìdí nìyí tí Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti Nàìjíríà, ti 2003, kò fi jẹ́ kí ilé-ẹjọ́ sọ pé "a dá a lẹ́bi" nípa ọmọdé, tí kò sì gbà kí a tẹ orúkọ rẹ̀ jáde. Nínú ilé, ọ̀rọ̀-ìṣe ni kí ẹ lò: "O jí fóònù, lọ dá a padà." Ẹ má sọ pé "olè ni ọ́." Bó bá ti dá a padà, kí ọ̀gá rẹ̀ gbà á sẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ kejì, kí atẹ́gùn tó fẹ́ sí i.