Kọ̀ǹpútà inú ẹ̀rọ: ìbéèrè àti ìdáhùn lórí ẹ̀kọ́ àti iṣẹ́ embedded systems

Ọmọ kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba èsì ìdánwò JAMB rẹ̀ wá bá mi pẹ̀lú bàbá rẹ̀ lóṣù tó kọjá. Ọmọ fẹ́ kọ́ iṣẹ́ embedded systems, bàbá sì fẹ́ mọ̀ bóyá iṣẹ́ gidi ni, nítorí kò tíì rí ẹnikẹ́ni ládùúgbò wọn tó ń fi í jẹun. Ohun tí àwọn méjèèjì bi mí, pẹ̀lú díẹ̀ nínú ohun tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi máa ń bi mí, ni mo kọ sílẹ̀ síbí pẹ̀lú ìdáhùn mi.

Kí ni embedded systems gan-an?

Kọ̀ǹpútà ni, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà tí wọ́n sé mọ́ inú ẹ̀rọ mìíràn kó lè máa ṣe iṣẹ́ kan pàtó níbẹ̀. Mítà iná àsansílẹ̀ tó wà lára ògiri ilé yín ní ọ̀kan nínú. Ẹ̀rọ POS tí wọ́n fi ń gbowó lọ́jà ní ọ̀kan, ìnfátà ní ọ̀kan, ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ìgbàlódé sì ní ọ̀pọ̀lọpọ̀. Ohun tó ń ṣiṣẹ́ ọpọlọ nínú wọn ni ṣíìpù tí à ń pè ní microcontroller, èyí tí ọpọlọ, ìrántí àti àwọn ẹsẹ̀ tó fi ń gbọ́ ìròyìn tó sì fi ń pàṣẹ wà papọ̀ lórí ẹyọ kan ṣoṣo. Èyí tó wà lórí Arduino Uno (bọ́ọ̀dù kékeré tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi ń kọ́ṣẹ́), tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ ATmega328P, máa ń gbé ìṣísẹ̀ mílíọ̀nù 16 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, bẹ́ẹ̀ ibi ìpamọ́ prógíráàmù rẹ̀ kò ju kílóbáìtì 32 lọ, ìrántí tó sì fi ń ṣiṣẹ́ jẹ́ kílóbáìtì 2 péré. Fọ́tò kan ṣoṣo tí ẹ fi fóònù yà kò lè wọ ibẹ̀. Ẹni tó kọ́ iṣẹ́ yìí ni yóò yan irú ṣíìpù tó yẹ, tí yóò ya bí wáyà yóò ṣe so kọ́ra, tí yóò kọ prógíráàmù tó máa gbé inú rẹ̀, tí yóò sì dúró tì í títí tí kò fi ní máa dákú mọ́.

Báwo ló ṣe yàtọ̀ sí kíkọ áàpù fún fóònù?

Bí áàpù bá ní àléébù, ẹni tó kọ ọ́ lè tún un ṣe lálẹ́ òní, kí gbogbo ènìyàn sì rí àtúnṣe náà gbà lọ́la. Mítà tí wọ́n ti kàn mọ́ ògiri kì í rí irú àǹfààní bẹ́ẹ̀. Ìpinnu tí ẹnjiníà ṣe lónìí ni mítà náà yóò máa gbé kiri fún ọdún mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ rántí ọdún 2024, nígbà tí àwọn ilé iṣẹ́ tó ń pín iná ní Nàìjíríà kéde pé kí àwọn oníbàárà kọ́kọ́ tẹ tókìn àkànṣe méjì, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ nọ́ńbà 20, sínú mítà wọn kí ó tó di ọjọ́ 24 oṣù kọkànlá, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, iná tí wọ́n bá rà lẹ́yìn ọjọ́ náà kò ní wọlé. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ọgbọ́n àtigbowó ni. Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí. Ètò tí àwọn mítà náà ń lò, tí wọ́n ń pè ní STS, tí ó sì ti Gúúsù Áfíríkà wá, máa ń fi iye ìṣẹ́jú tó ti kọjá láti ọjọ́ kìíní ọdún 1993 pamọ́ sínú tókìn kọ̀ọ̀kan, kí mítà lè dá tókìn tí a ti lò rí mọ̀, kí ó sì kọ̀ ọ́. Nọ́ńbà 20 tí à ń tẹ̀ kò gbà ju bíìtì 66 lọ (bíìtì ni àyè 0 tàbí 1 kọ̀ọ̀kan tí kọ̀ǹpútà fi ń kà), nínú èyí tí iye iná tí a rà, ààbò àti àkókò gbọ́dọ̀ wà, nítorí náà bíìtì 24 ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún àkókò. Bíìtì 24 kò lè kà ju 16,777,215 lọ. Tí ẹ bá ka ìṣẹ́jú tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1993, ọjọ́ 24 oṣù kọkànlá ọdún 2024 lẹ ó bọ́ sí. Lẹ́yìn ìyẹn, òǹkà yóò padà sí òdo, mítà yóò sì máa wo tókìn tuntun bí èyí tó ti gbó. Tókìn méjì tí a tẹ̀ ni ó gbé kọ́kọ́rọ́ tuntun, ìyẹn nọ́ńbà àṣírí tí mítà fi ń ka tókìn, wọ inú mítà, tí wọ́n sì fi sún ìbẹ̀rẹ̀ òǹkà wá sí ọdún 2014.

Àwọn tó ṣètò náà mọ ọjọ́ tí yóò kún láti ìbẹ̀rẹ̀, wọ́n sì fi ọ̀nà àtúnṣe sílẹ̀ nínú rẹ̀. Irú ìrònú yẹn gan-an ni iṣẹ́ yìí: kí ẹ ti mọ ibi tí nǹkan yóò kún, ibi tí yóò gbóná, ibi tí iná yóò ti já, kí ẹ tó gbé e fún ènìyàn lò.

Ṣé dandan ni kí ọmọ lọ sí yunifásítì?

Fún ẹni tó fẹ́ kí ìjọba àti ilé iṣẹ́ ńlá dá òun mọ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹnjiníà, bẹ́ẹ̀ ni. COREN ló ń forúkọ àwọn ẹnjiníà sílẹ̀ lórílẹ̀-èdè wa, ìwé ẹ̀rí ni wọ́n sì fi ń ṣe é. Ọdún márùn-ún ni ẹ̀kọ́ electronic and electrical engineering ní Ifẹ̀, ní UNILAG, ní FUTA tàbí ní LAUTECH. Ẹni tó bá gba ọ̀nà pólì yóò lo ọdún méjì fún ND àti ọdún méjì míràn fún HND, pẹ̀lú ọdún ìdánrawò lẹ́nu iṣẹ́ láàárín méjèèjì.

Ilé ẹ̀kọ́ dára púpọ̀ fún ìpìlẹ̀: òfin Ohm, ìṣirò, bí iná ṣe ń rìn nínú àwọn èròjà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ a máa ráhùn pé 8085 àti 8086, àwọn ṣíìpù tí Intel ṣe kí ọdún 1980 tó dé, ni wọ́n ṣì fi ń kọ́ àwọn. Èmi kò bá wọn ráhùn lórí èyí, nítorí ẹni tó bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ tọ ipa nọ́ńbà kan láti inú ìrántí títí dé ẹsẹ̀ ṣíìpù ti mọ ohun tí ọ̀pọ̀ ẹni tó ń lo ṣíìpù òde òní kò mọ̀. Ohun tó dùn mí ni ti lábù, níbi tí akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ti ń wo bọ́ọ̀dù kan ṣoṣo, tí ẹnì kan ń fọwọ́ kàn án, tí àwọn yòókù ń da ìwé rẹ̀ kọ. Ọmọ tó bá gbára lé ìyẹn nìkan yóò jáde láìtíì bá ẹ̀rọ tó bàjẹ́ jà rí. Nítorí náà, oṣù mẹ́fà SIWES, ìdánrawò lẹ́nu iṣẹ́ fún akẹ́kọ̀ọ́, ṣe iyebíye. Kí ọmọ má ṣe lọ lò ó níbi tí wọn yóò ti máa rán an lọ fọ́tòkọ́pì. Ó sàn kí ó jókòó ti ọ̀gá tó ń tún ìnfátà ṣe, kí ó máa fi tẹ́sítà wá ibi tí iná ti já, kí ó sì máa fi lẹ́ẹ̀dì jó o padà. Ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi tó yanjú jù lọ ti gba fúrídọ̀ọ̀mù ní ṣọ́ọ̀bù rédíò kí ó tó wọ pólì.

Níbo ni kí a ti bẹ̀rẹ̀, bí owó kò bá sí?

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láìra nǹkan kan. Wokwi wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, níbi tí ẹ ti lè to Arduino tàbí ESP32 pọ̀ lójú kọ̀ǹpútà, kí ẹ kọ prógíráàmù sí i, kí ẹ sì rí iná tó ń tàn. Èdè C ni kí ẹ kọ́, nítorí òun ni púpọ̀ nínú iṣẹ́ yìí ṣì ń sọ. Nígbà tó bá yá, ẹ ra bọ́ọ̀dù gidi. ESP32, tí Espressif ti ìlú Shanghai gbé jáde lọ́dún 2016, ní Wi-Fi àti Bluetooth nínú. Raspberry Pi Pico jẹ́ dọ́là mẹ́rin péré nígbà tó jáde lọ́dún 2021, bó tilẹ̀ jẹ́ pé iye tí ẹ ó rà á níbí yóò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ bọ́ọ̀dù gidi ni pé ọ̀pọ̀ ohun tí ayé ń ṣe sí ẹ̀rọ kì í hàn nínú àwòrán. Ẹ so bọ́tìnnì kan mọ́ Arduino, kí ẹ ní kó máa ka iye ìgbà tí ẹ tẹ̀ ẹ́. Ẹ ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, yóò kọ 3. Ẹ ó tún tẹ̀ ẹ́, yóò kọ 7. Bọ́tìnnì náà kò bàjẹ́, prógíráàmù náà sì tọ̀nà. Irin méjì tó wà nínú bọ́tìnnì ló ń ta lu ara wọn fún bí ìdá mélòó kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá kí wọ́n tó fara balẹ̀. Ọwọ́ wa kò mọ̀ ọ́n lára, ṣùgbọ́n ṣíìpù tó ń gbé ìṣísẹ̀ mílíọ̀nù 16 ní ìṣẹ́jú àáyá kan rí títa kọ̀ọ̀kan. Ẹ kọ́ ọ láti dúró díẹ̀ kí ó tó gba bọ́tìnnì gbọ́, òǹkà yóò sì tọ́.

Ibo ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti máa ń dúró?

Níbi iná. Ẹ̀rọ àkọ́kọ́ tí mo ṣe fún lílò gidi ni èyí tó ń tan pọ́ńpù kànga ẹ̀rọ nílé wa nígbà tí omi tánkì bá lọ sílẹ̀. Ó ṣiṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì lórí tábìlì. Ọjọ́ tí mo so ó mọ́ pọ́ńpù, rìléè, ìyẹn swíìṣì tí ṣíìpù fi ń tan pọ́ńpù, bẹ̀rẹ̀ sí í dún kẹ́-kẹ́-kẹ́ láìdákẹ́, mo sì fi òru méjì yẹ prógíráàmù tí kò ní àléébù kankan wò. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé pọ́ńpù máa ń fa iná tó pọ̀ ju èyí tó ń lò lẹ́nu iṣẹ́ lọ nígbà tó bá fẹ́ gbéra. Iná ilé yóò wálẹ̀, ṣíìpù yóò dákú, yóò jí, yóò rí i pé omi kò tó, yóò sì tún pàṣẹ pé kí pọ́ńpù gbéra. Mo fi kàpásítọ̀ tó tóbi, èròjà tó ń pa iná díẹ̀ mọ́, sí ẹ̀gbẹ́ ṣíìpù náà, mo pààrọ̀ ohun tó ń fún un níná sí èyí tó lè gba iná tó rẹlẹ̀, mo sì kọ ọ́ pé bó bá jí, kó dúró fún ìṣẹ́jú méjì kó tó pàṣẹ ohunkóhun. Láti ìgbà náà ni mo ti máa ń ka ìwé àlàyé ṣíìpù láti ibi tí wọ́n ti sọ̀rọ̀ iná.

Ṣé iṣẹ́ wà nílé?

Ó wà, ṣùgbọ́n kò pọ̀ tó ti àwọn tó ń kọ áàpù àti wẹ́ẹ̀bù, owó ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ sì sábà máa ń kéré sí tiwọn. Ohun tí mo sọ fún bàbá ọmọ náà nìyẹn, mi ò sì fẹ́ fi pamọ́ fún ẹnikẹ́ni. Bọ́ọ̀dù tó wà nínú púpọ̀ ẹ̀rọ tí à ń lò ti ilẹ̀ Ṣáínà wá pẹ̀lú prógíráàmù rẹ̀. Ibi tí iṣẹ́ wà ni ibi tí ẹ̀rọ náà ti gbọ́dọ̀ bá ipò tiwa mu: mítà, irú èyí tí MOMAS ń ṣe ní ìpínlẹ̀ Ògùn àti Mojec ní Èkó, ìnfátà àti iná oòrùn, ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ ọkọ̀, ẹ̀rọ POS. Ní Kútọnu àti Lomé, àwọn alùpùpù oníbátìrì ti Spiro ti wà lójú títì, tí ọlọ́kadà ń pàrọ̀ bátìrì ní ibùdó dípò kí ó ra epo. Inú irú bátìrì bẹ́ẹ̀, ṣíìpù kan gbọ́dọ̀ wà tí yóò máa ṣọ́ iná àti ooru rẹ̀, kí ó má baà gbiná. Ẹni tó mọ bátìrì dáadáa kò ní pẹ́ rí ẹni tó ń wá a.

Òkè òkun ńkọ́?

Jámánì ni mo máa ń kọ́kọ́ dárúkọ, nítorí ọkọ̀. Bosch wà ní agbègbè Stuttgart, Infineon wà lẹ́bàá Munich, ìjọba ibẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ ìwé àṣẹ Chancenkarte ní oṣù kẹfà ọdún 2024 fún ẹni tó fẹ́ wá wáṣẹ́, bí ó bá ní ìwé ẹ̀rí tó yẹ àti owó tí yóò fi gbé ara rẹ̀. Kí ọmọ bẹ̀rẹ̀ èdè Jámánì báyìí. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Cambridge ni Arm wà, ilé iṣẹ́ tó ya àwòrán ọpọlọ tó wà nínú púpọ̀ àwọn microcontroller òde òní. Ní Amẹ́ríkà, òfin kò jẹ́ kí ẹni tí kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ náà, tí kò sì ní ìwé ìgbélùú, ṣe ọ̀pọ̀ nínú iṣẹ́ tó jẹ mọ́ ohun ìjà àti sátẹ́láìtì. Ẹ fi sọ́kàn pẹ̀lú pé ó ṣòro láti máa ṣe iṣẹ́ yìí láti ilé fún ilé iṣẹ́ tó jìnnà, nígbà tó jẹ́ pé ọ̀dọ̀ wọn ni bọ́ọ̀dù náà wà.

Kí ni ẹni tó ń gbani síṣẹ́ yóò bèèrè?

Yóò bèèrè ìtumọ̀ volatile nínú èdè C, ọ̀rọ̀ tó ń sọ pé iye kan lè yí padà láìjẹ́ pé ibi tí prógíráàmù wà ló yí i, yóò bèèrè ohun tó yẹ kó wà nínú interrupt, ìyẹn iṣẹ́ kánjúkánjú tí ṣíìpù ń dá ohun tó ń ṣe dúró fún, àti ohun tí kò yẹ. Lẹ́yìn náà, bó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀, yóò ní kí ẹ sọ̀rọ̀ àléébù kan tó yọ yín lẹ́nu àti bí ẹ ṣe wá a rí. Mo ti sọ fún ọmọ náà pé kí ó ra ìwé kékeré kan, kí ó máa kọ irú àléébù bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ rẹ̀. Ó fi èyí tó kọ́kọ́ kọ ránṣẹ́ sí mi lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ti bọ́tìnnì ni.