Spillway Ni Kẹ́ Ẹ Kọ́kọ́ Bá Mi Sọ

Ẹ̀yin olóyè àtẹ̀yin alága àdúgbò tẹ́ ẹ máa ń wá bá mi l'Ákùúrẹ́ bí òjò bá ti ń le, ọ̀rọ̀ kan náà lẹ máa ń bá wá: "Ẹnjinníà, dáàmù wa ti gbó, ẹ bá wa gbé ògiri rẹ̀ ga sí i." Ẹ jọ̀ọ́, spillway rẹ̀, ìyẹn ẹnu ọ̀nà tí omi tó bá pọ̀ jù ń gbà jáde nínú dáàmù, ńkọ́? Ẹ kì í dárúkọ ẹ̀.

Dáàmù oníyẹ̀pẹ̀ kò gbọdọ̀ jẹ́ kí omi gba orí òun kọjá. Bí omi bá fi lè gba orí rẹ̀, ẹ̀yìn ògiri náà ló máa kọ́kọ́ jẹ, á máa jẹ ẹ́ bọ̀ títí gbogbo rẹ̀ á fi ya. Òjò ayé ìgbà yẹn lẹni tó kọ́ ọ fi ṣírò ẹnu spillway. Lókè odò, igbó ló wà nígbà náà, ilẹ̀ ń mu omi. Páànù àti títì ọlọ́dà ló wà níbẹ̀ báyìí. Nísàlẹ̀ odò, níbi tí oko kòkó wà, ilé àti ọjà ló kún un. Tẹ́ ẹ bá wá gbé ògiri ga láìfọwọ́ kan spillway, ẹ kàn ń fi kún omi tó máa bo ilé yẹn lọ́jọ́ tó bá ya ni.

A lè fẹ ẹnu spillway lójú. Bí àyè ò bá sí, a ó fi kọ́ńkéré kọ́ ọ ní wọ́gọwọ̀gọ, kí etí tí omi ń gbà kọjá lè gùn ju ìbú ibẹ̀ lọ. Omi tó pọ̀ á máa jáde láìjẹ́ pé odò kún jù. Abẹ́ rẹ̀ náà ṣe pàtàkì. Ní dáàmù Oroville ní Amẹ́ríkà, ní oṣù kejì 2017, omi wọ abẹ́ kọ́ńkéré spillway, ó gbẹ́ kòtò ńlá síbẹ̀. Nígbà tí omi gba spillway kejì tó wà fún pàjáwìrì, ilẹ̀ ibẹ̀ náà ń jẹ, ni wọ́n bá ní kí èèyàn tó lé ní 180,000 kúrò nílé. Bírìkìlà tó bá ní òun á fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ibi tó sán, ẹ lé e lọ. Ilé ló mọ̀ ọ́n kọ́.

Èyí tó ń bí mi nínú jù ni àwọ̀n. Mo dé ìdí dáàmù kan ní ìpínlẹ̀ Oǹdó yìí, mo bá àwọ̀n ẹja lẹ́nu spillway, ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ọ̀rá omi ti dí i pa. Wọ́n tún to àpò iyanrìn sí i kí omi má bàa lọ. Bẹ́ẹ̀ dáàmù tí wọ́n kọ́ torí àgbàrá, àyè òfìfo inú rẹ̀ la nílò kí òjò tó dé. Bàbá kan ní àwọn ti bọ odò náà, kò lè ṣe wọ́n ní nǹkan. Mo ní, "Bàbá, ẹ má bínú, ẹbọ ò kó pàǹtírí kúrò lẹ́nu spillway."

Àwọn ọlọ́rọ̀ tó ni dáàmù South Fork ní Pennsylvania l'Amẹ́ríkà náà fi asẹ́ irin sẹ́nu spillway tiwọn, kí ẹja má bàa jáde. Ní ọjọ́ 31 oṣù karùn-ún 1889, òjò ńlá rọ̀, pàǹtírí dí asẹ́, omi gba orí dáàmù, ó ya, ó sì gbá ìlú Johnstown lọ. Èèyàn tó lé ní 2,200 ló kú. Ẹja ni wọ́n ń ṣọ́!

A fa àwọ̀n yẹn kúrò lọ́jọ́ náà. Nísàlẹ̀ ògiri, mo rí omi tó ń sun, mo bù ú sínú ìgò: ó mọ́. Irú èyí, ká máa ṣọ́ ọ ni. Tó bá pupa, yẹ̀pẹ̀ inú dáàmù ló ń kó jáde yẹn. Ẹ má dúró ya fọ́tò. Ẹ kó àwọn tó wà nísàlẹ̀ odò kúrò ná, kẹ́ ẹ tó wá ẹni tẹ́ ẹ máa pè.