Oògùn tó ń jáde díẹ̀díẹ̀: kí nìdí tí a kò fi gbọdọ̀ gún un?

Bí ẹ bá wo páálí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ti àtọ̀gbẹ dáadáa, ẹ lè rí lẹ́tà méjì lẹ́yìn orúkọ rẹ̀: SR, XR tàbí MR. Òmíràn wà tí wọ́n kọ "retard" sí. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé oògùn inú hóró náà kì í jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Díẹ̀díẹ̀ ló ń jáde, fún nǹkan bíi wákàtí 12 tàbí odindi ọjọ́ kan.

Hóró oògùn lásán sábà máa ń fọ́ kíá tó bá ti dénú ikùn. Oògùn inú rẹ̀ á rọ́ wọ inú ẹ̀jẹ̀, á pọ̀ níbẹ̀ fúngbà díẹ̀, á sì tún wálẹ̀. Ìdí nìyẹn tí a fi ń lo àwọn kan lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́. Láti mú kí oògùn rọra jáde, àwọn tó ń ṣe é lè pò ó mọ́ ìyẹ̀fun kan tó ń jẹ́ HPMC, tí wọ́n ń ṣe láti ara igi tàbí òwú. Bí omi bá ti kàn án, á wú, á fà bí ewédú, inú fífà yẹn ni oògùn á ti máa yọ́ jáde.

Kò rọrùn láti ṣe é kó péye. Iṣẹ́ tí àwọn olùwádìí oògùn ń ṣe nìyẹn, irú àwọn tó wà ní NIPRD, iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Idu níbí ní Abuja. Wọ́n á ju hóró kan sínú omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí ara èèyàn, ìyẹn ìwọ̀n 37, tí ẹ̀rọ ń rò ó. Omi náà lè kọ́kọ́ ní kíkan bíi omi inú ikùn, kí wọ́n tó sọ ọ́ di bíi ti ìfun. Wọ́n á máa bu díẹ̀ nínú rẹ̀ wò lóòrèkóòrè. Bí oògùn bá ti jáde jù ní wákàtí àkọ́kọ́, wọ́n á lọ tún àdàlù náà pò.

Gbogbo làálàá yìí la máa ń fi ṣíbí bàjẹ́ nílé. Bàbá tàbí ìyá àgbà kò lè gbé oògùn mì, la bá gún un sínú ẹ̀kọ. Bó bá jẹ́ nifedipine retard, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, ni, oògùn wákàtí 12 ló máa wọ ara lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo yẹn. Ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wọn lè já wálẹ̀ lójijì, kí òòyì kọ́ wọn, kí wọ́n ṣubú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gún un. Ẹ sọ fún apoògùn pé wọn kò lè gbé e mì, ó lè rí irú mìíràn fún wọn.

Ẹ̀yin tó ń gbààwẹ̀ pẹ̀lú àtọ̀gbẹ, ẹ bá dókítà yín sọ̀rọ̀ kí Ràmàdáánì tó wọlé. Metformin XR ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́, ìgbà ìṣínu ni wọ́n sábà máa ń ní kéèyàn lò ó. Bí ẹ bá sì rí ohun tó jọ hóró oògùn náà nínú ìgbẹ́, ẹ má lo òmíràn rọ́pò. Oògùn ti jáde tán, èèpo rẹ̀ ló kù.