Bí Agbára Ṣe Kúrò Lọ́wọ́ Ẹkùn Bọ́ Sọ́wọ́ Ìjọba Àpapọ̀ ní Nàìjíríà

Lóṣooṣù ni àwọn kọmíṣánnà ètò ìnáwó láti ìpínlẹ̀ 36 ń péjọ pẹ̀lú ìjọba àpapọ̀ láti gba ìpín tiwọn. Ẹni tó bá ń wò wọ́n lè rò pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe bá a. Rárá o.

Ìwé òfin tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹwàá 1954, tí àwọn olóṣèlú wa bá Oliver Lyttelton, mínísítà Gẹ̀ẹ́sì tó ń rí sí àwọn ilẹ̀ àmúsìn, jókòó lé lórí ní Lọ́ńdọ̀nù àti Èkó, ka iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Agbára yòókù tí wọn kò dárúkọ, ti ẹkùn ni, ìyẹn àwọn ìpín ńlá tí Nàìjíríà pín sí kí ìpínlẹ̀ tó dé. Nígbà tí oṣù Kìíní 1955 dé, Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ fún àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Owó kòkó wà lára ohun tó gbé ẹkùn náà ró, nítorí abẹ́ rẹ̀ ni ìgbìmọ̀ tó ń ra kòkó wà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé iye tí àgbẹ̀ ń gbà kò tó iye tí wọ́n ń tà á lókè òkun, èyí tí kò yẹ ká fi pamọ́ bí a bá ń yin ìgbà náà. Abala 140 ìwé òfin 1963 tún pàṣẹ pé kí ìdajì ìṣákọ́lẹ̀ ohun àlùmọ́ọ́nì padà sí ẹkùn tí wọ́n ti wà á.

Ìbọn ló da gbogbo rẹ̀ rú. Ní ọjọ́ 24 oṣù Karùn-ún 1966, Aguiyi-Ironsi, olórí ìjọba ológun, fi òfin ológun 34 pa ẹkùn rẹ́, ó sì sọ iṣẹ́ ọba di ọ̀kan. Kò pé oṣù mẹ́ta tí wọ́n fi pa á, òun àti Adékúnlé Fájuyì tó gbà á lálejò ní Ìbàdàn. Gowon tó gbapò rẹ̀ wọ́gi lé òfin náà, ṣùgbọ́n gómìnà tí ọ̀gá ológun yàn kò lè bá ọ̀gá rẹ̀ jiyàn. Ní ọjọ́ 27 oṣù Karùn-ún 1967, ẹkùn 4 di ìpínlẹ̀ 12. Ogun abẹ́lé tẹ̀lé e, owó epo rọ̀bì sì ń gòkè lẹ́yìn rẹ̀, àpò ìjọba àpapọ̀ ló ń wọ̀. Ní 1977, ó gba ìgbìmọ̀ kòkó pàápàá.

Ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá ló dùn mí jù. Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn ní ọlọ́pàá ìbílẹ̀. Òótọ́ ni pé àwọn olóṣèlú fi wọ́n fìyà jẹ alátakò, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ kò fi bara jẹ́ nígbà tí àwọn ológun tú wọn ká. Ìwé òfin 1999 kò fàyè gba ọlọ́pàá méjì. Àtúnṣe 2023 fún ìpínlẹ̀ láyè sí i lórí iná mànàmáná àti ọkọ̀ ojú irin, kò kan ọlọ́pàá. Gómìnà tí àwa fúnra wa dìbò yàn lè pàṣẹ fún kọmíṣánnà ọlọ́pàá, ṣùgbọ́n abala 215 gbà kí kọmíṣánnà náà ní òun fẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ gbọ́ tẹnu Ààrẹ.