Ọ̀rá, iṣan àti jíìnì: ohun mẹ́ta tí dókítà ń wò lára ẹni tó ní jẹjẹrẹ kíndìnrín

Bí ènìyàn méjì tí wọ́n ga bákan náà bá gun orí ìwọ̀n, tí ìwọ̀n sì sọ pé kílò 90 ni ẹnì kọ̀ọ̀kan, a kò tíì mọ ohun tó mú wọn wúwo. Ó lè jẹ́ iṣan ló pọ̀ lára ẹnì kìíní, kó sì jẹ́ ọ̀rá tó yí ìfun ká ló kún inú ẹnì kejì. Lára ẹni tí jẹjẹrẹ kíndìnrín ń bá jà, ìyàtọ̀ yìí kì í ṣe kékeré, nítorí ohun tí ara ní àti ohun tó bàjẹ́ nínú jíìnì kókó jẹjẹrẹ náà (jíìnì ni ìtọ́ni tí sẹ́ẹ̀lì ń tẹ̀ lé) jọ ń nípa lórí bí àrùn náà yóò ṣe rìn àti bí ara yóò ṣe gba oògùn.

Wíwọn ohun tí ara ní kò fẹ́ àyẹ̀wò tuntun. Ẹ̀rọ ayàwòrán CT tí wọ́n fi wá kókó náà ti ya ọ̀rá àti iṣan pẹ̀lú. Ohun tí àwọn onímọ̀ ń ṣe ni pé wọ́n ń mú àwòrán kan ṣoṣo, èyí tó kọjá láàárín eegun ẹ̀yìn kẹta ní ìbàdí, nítorí pé iṣan àti ọ̀rá ibẹ̀ máa ń bá ti gbogbo ara mu dáadáa. Lórí òṣùwọ̀n tí wọ́n fi orúkọ Godfrey Hounsfield, ọ̀kan nínú àwọn tó ṣẹ̀dá ẹ̀rọ CT, pè, omi wà ní òdo, afẹ́fẹ́ wà ní -1000, iṣan sì wà láàárín -29 sí 150, nígbà tí ọ̀rá abẹ́ awọ wà láàárín -190 sí -30. Kọ̀ǹpútà á kun ọ̀kọ̀ọ̀kan ní àwọ̀ tirẹ̀, á sì ka bí ó ṣe fẹ̀ tó. Wọ́n á wá pín fífẹ̀ iṣan sí iye tí gíga aláìsàn ní mítà jẹ́ nígbà tí a bá fi í lọ́po ara rẹ̀, kí a má baà ka ẹni kúkúrú sí ẹni tí iṣan rẹ̀ ti gbẹ. Ọ̀rá pẹ̀lú ní oríṣiríṣi: èyí tó wà lábẹ́ awọ yàtọ̀ sí èyí tó yí ìfun ká, èyí tó sì yí kíndìnrín fúnra rẹ̀ ká ni kókó jẹjẹrẹ ń fara kan lójoojúmọ́.

Jíìnì ni ọ̀nà kejì. Oríṣi jẹjẹrẹ kíndìnrín tó wọ́pọ̀ jù lọ, tó jẹ́ bíi mẹ́ta nínú mẹ́rin, ni èyí tí sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ máa ń hàn gedegbe bí omi lábẹ́ ẹ̀rọ amúǹkantóbi. Níbi tó ti sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ ni apá kúkúrú kúrómósómù kẹta, ọ̀kan nínú àwọn okùn tí jíìnì tò sí lórí. Ẹ̀dà méjì ni olúkúlùkù ní, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ bàbá, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ ìyá. Nínú ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn kókó wọ̀nyí, apá ẹ̀dà kan ti já sọnù, jíìnì VHL tó kù lórí ẹ̀dà kejì sì ti ní àṣìkọ tàbí kí ó ti pa mọ́ pátápátá. Ọdún 1993 ni wọ́n rí jíìnì yìí, nínú àwọn ìdílé tí àrùn náà ti ń ti ọ̀dọ̀ òbí bọ́ sára ọmọ.

Iṣẹ́ VHL rọrùn láti ṣàlàyé. Bí ọ́síjìn bá tó nínú sẹ́ẹ̀lì, purotéènì rẹ̀ máa ń sàmì sí purotéènì mìíràn, HIF, kí sẹ́ẹ̀lì lè tètè fọ́ ọ dànù. Bí VHL kò bá sí, HIF á máa pọ̀ sí i, sẹ́ẹ̀lì á wá máa ṣe bí ẹni tí wọ́n di nímú bó tilẹ̀ jẹ́ pé afẹ́fẹ́ kún ibi gbogbo: á máa pe òpó ẹ̀jẹ̀ tuntun láti wá bọ́ ọ. Ìmọ̀ nípa bí sẹ́ẹ̀lì ṣe ń mọ̀ bóyá ọ́síjìn tó ni ó fún William Kaelin, Peter Ratcliffe àti Gregg Semenza ní ẹ̀bùn Nobel ní 2019.

Ohun tó burú ni pé VHL kò dá gbé lórí apá kúkúrú yẹn. PBRM1, SETD2 àti BAP1, tí gbogbo wọn jẹ́ jíìnì tó ń dènà jẹjẹrẹ, wà níbẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Bí apá náà bá já lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀dà kan ti ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti lọ, àṣìkọ kan ṣoṣo lórí èyí tó kù sì tó láti pa èyíkéyìí nínú wọn run. Aláìsàn tí BAP1 rẹ̀ bàjẹ́ ni àrùn náà sábà máa ń le sí jù.

Níhìn-ín ni ọ̀rá àti jíìnì ti pàdé, ibẹ̀ ló sì wú onímọ̀ lórí jù lọ. Ohun tó mú kí sẹ́ẹ̀lì náà hàn gedegbe ni pé ọ̀rá àti ṣúgà tí ara tọ́jú ló kún inú rẹ̀. Oògùn tí wọ́n fi ń tún ẹran náà ṣe fún ẹ̀rọ amúǹkantóbi ló fọ ọ̀rá yẹn lọ, ó sì fi àyè òfìfo sílẹ̀. HIF tí kò sí ẹni tó ń dá a dúró ni ó dí ọ̀nà tí ọ̀rá máa ń gbà wọ ibi tí sẹ́ẹ̀lì ti ń jó o. Nítorí náà, jẹjẹrẹ yìí jẹ́ àrùn tó ní í ṣe pẹ̀lú ọ̀rá kí a tilẹ̀ tó wo ikùn aláìsàn.

Ikùn náà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Ó dájú pé sísanra jù máa ń mú kí ènìyàn lè ní jẹjẹrẹ kíndìnrín. Síbẹ̀, nínú àwọn tó ti ní i, àwọn tó sanra sábà máa ń pẹ́ láyé ju àwọn tó tẹ́ẹ́rẹ́ lọ. Ìwádìí kan tó jáde ní 2020 rí i pé kókó inú àwọn aláìsàn tó sanra ní àmì òpó ẹ̀jẹ̀ tó pọ̀ jù, àti pé ọ̀rá ẹ̀gbẹ́ kókó náà ń wú bí ibi tó ní egbò. Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ lẹ́tà jíìnì tó yí padà. Ọ̀rọ̀ bí sẹ́ẹ̀lì ṣe ń ka jíìnì tó ní ni, èyí tí àyíká rẹ̀ lè yí padà. Ó sì lè ṣàlàyé ìdí tí oògùn tó ń dínà òpó ẹ̀jẹ̀ fi ń ṣiṣẹ́ lára àwọn kan ju àwọn mìíràn lọ. Ṣùgbọ́n kò yẹ kí ẹnikẹ́ni tìtorí èyí sanra, nítorí pé nínú ọ̀pọ̀ àwọn tó tẹ́ẹ́rẹ́, jẹjẹrẹ náà fúnra rẹ̀ ló ti jẹ ara wọn kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ dókítà.

Iṣan wà lára ohun tí ara máa ń jẹ ní irú àkókò bẹ́ẹ̀. Sunitinib, ọ̀kan nínú àwọn oògùn tó ń dínà òpó ẹ̀jẹ̀, tí wọ́n sábà máa ń fún aláìsàn ní mílígírámù 50 lóòjọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kí wọ́n tó sinmi ọ̀sẹ̀ méjì, kì í yí padà nítorí bí iṣan ṣe tó, bẹ́ẹ̀ iye kan náà máa ń ní ara tí iṣan rẹ̀ ti gbẹ lára jù.

Ó yẹ kí a sọ ibi tí ìmọ̀ yìí ti wá. Ó ti pẹ́ tí ẹ̀jẹ̀ àwọn Yorùbá láti Ìbàdàn ti wà lára ohun tí àgbáyé fi ń mọ bí jíìnì ọmọ ènìyàn ṣe rí, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ jù lọ kókó kíndìnrín tí wọ́n ti ka jíìnì wọn jẹ́ ti àwọn aláwọ̀ funfun. Ní Amẹ́ríkà, àwọn aláwọ̀ dúdú máa ń ní oríṣi mìíràn tí sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ tò jọ bí ìka ju àwọn yòókù lọ, èyí kì í sì bẹ̀rẹ̀ láti ara VHL. Àlàyé òkè yìí kò lè bá gbogbo aláìsàn tiwa mu láìyẹ̀.

Nítorí gbogbo èyí, àwọn dókítà kan máa ń padà sí àwòrán CT tí wọ́n ń yà ní oṣù díẹ̀ díẹ̀ láti wo bóyá kókó náà ń dàgbà, kí wọ́n tún wọn iṣan ní eegun ẹ̀yìn kan náà. Omi tó wú sínú ara lè mú kí ìwọ̀n dúró ní kílò 90 síbẹ̀, nígbà tí àwòrán ti fi hàn pé iṣan ti ń lọ.